Ògiri Tí Mi Ò Ṣàlàyé

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní àwọn ń ṣa ìtàn iṣẹ́ àwọn àgbà jọ, kí àwọn tó ń jáde nílé ìwé lè mọ irú iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ lé. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ kàn sọ bí iṣẹ́ bíríkìlà ṣe dùn tó." Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó dùn kọ́ ló sọ orókún mi dà báyìí. Mo gbà fún wọn ṣá. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kọ ọ́, tí mò ń fà á ya, tí mo tún ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò fẹ́ dé. Lónìí, màá dé ibẹ̀.

Sàmúẹ́lì lorúkọ mi, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi kọ́lé. Bí ẹ bá lọ sí Òkè-Ìlá, tàbí ẹ ya Iresi, tàbí ẹ dé Ire, ẹ óò rí ilé tí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀, bí onílé ò tilẹ̀ rántí mi mọ́. Ti owó, mi ò ní í sọ púpọ̀. Mo jẹun, mo rán àwọn ọmọ mi níwèé, mo kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin tí mò ń gbé. Ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ bíríkìlà dolówó, kó wá ẹlòmíràn lọ.

Nígbà tí mo jáde nílé ìwé mọ́dà, bàbá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Làmídì. Ènìyàn kúkurú ni, onírùngbọ̀n funfun, kì í pariwo. Ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà wá ju ti ẹni tó ń pariwo lọ. Bí ògiri tí o mọ bá wọ́, kò ní í bá ọ wí. Á kàn gbé ẹsẹ̀ sókè, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tì í, ògiri á wó, á wá ní, "Tún un mọ." Ọjọ́ kan wà ní Òkè-Ìlá tó wó ògiri kan ṣoṣo mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lójú ọmọge kan tí ọkàn mi ń fà sí. Ọmọge náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ́ télọ̀.

Ọdún kan gbáko ni mo fi ń pọn omi, tí mò ń sẹ́ yanrìn, kí n tó fọwọ́ kan ṣíbí bíríkìlà. Nígbà náà, ọwọ́ la fi ń gún búlọ́ọ̀kù nínú àpótí irin, ṣọ́bìrì la sì fi ń po sìmẹ́ǹtì títí ẹ̀yìn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí a rọ omi sí la fi ń mọ̀ bóyá igun ilé méjì dọ́gba. Ibi tí omi bá dúró sí lápá ibí, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí lápá ọ̀hún. Ọ̀gá Làmídì máa ń ní, "Èmi lè purọ́ fún ẹ, Sàmú, omi ò ní í purọ́ fún ẹ." Òun ló kọ́ mi pé kí n tó sọ pé ògiri dára, kí n lọ wò ó láti ẹ̀yìn, níbi tí onílé ò ní í wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn títí dòní.

Ohun kan wà tó fi pamọ́ fún gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun náà ni pílánì. Inú àpò bùbá rẹ̀ ló ń ká a sí. Bó bá fẹ́ wò ó, á kọ ẹ̀yìn sí wa. Bí o bá na ọrùn báyìí, á ní, "Kí lojú ẹ ń wá?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ iṣẹ́ tó bá ti mọ pílánì kà ti di ọ̀gá, ta ló wá máa po sìmẹ́ǹtì?

Ojú rẹ̀ ló tú àṣírí náà. Nǹkan funfun bò ó, ó di pé ó ń fi ìka wá ìlà lórí ìwé tí kò sì rí i. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, ó pè mí wọ pálọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ pílánì sílẹ̀ lórí ẹní. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ojú mi ló fẹ́ yá.

Ó ní, "Bí wọ́n bá gé ilé láàárín fèrèsé, tí wọ́n gbé apá òkè ẹ̀ kúrò, ohun tí ẹyẹ máa rí nígbà tó bá ń fò kọjá ni wọ́n ń pè ní pílánì. Ẹlifẹ́ṣọ̀n lohun tí ẹni tó dúró lójú títì máa rí, ojú ilé nìyẹn. Sẹ́kṣọ̀n ni ká fi ọ̀bẹ la ilé láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni la búrẹ́dì, kó o lè rí bí ìpìlẹ̀ ṣe jìn tó, bí àjà ṣe ga tó." Ó ní jámáánì flọ̀ ni kọ́ńkéré tí a dà bo ilẹ̀ kí a tó mọ ògiri yàrá, pé ọ̀rá tí a tẹ́ síbẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi ilẹ̀ gun ògiri. Líńtẹ̀lì ni kọ́ńkéré tó sùn gbalaja lórí ẹnu ọ̀nà àti lórí fèrèsé, kí búlọ́ọ̀kù òkè má baà já lé onílé lórí. Ẹ̀gbọ́n líńtẹ̀lì ni bíìmù, òun ló gbé dẹ́kì, ìyẹn ilẹ̀ kọ́ńkéré ti òkè, pílà ló sì gbé bíìmù.

Ó wá fi èékánná tẹ ìlà kan tí wọ́n kùn dúdú. "Eléyìí ni ògiri agbẹ́rù. Ohun tó wà lókè, orí ẹ̀ ló wà. Àwọn tí wọ́n ò kùn yìí, ògiri ìpín lásán ni wọ́n, wọ́n kàn ń ya yàrá sọ́tọ̀. Tó o bá wó ògiri ìpín, wàá sùn dáadáa. Tó o bá fọwọ́ kan ògiri agbẹ́rù láì kọ́kọ́ fi igi ti ohun tó wà lókè, ilé máa wá bá ẹ nílẹ̀."

Bó ṣe ká pílánì náà nìyẹn. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Sàmú, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìmọ̀ àti ahun ni bàbá náà kó lé mi lọ́wọ́ pa pọ̀, èmi náà sì gba méjèèjì tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí mo di ọ̀gá ara mi, ẹ̀yin ọmọ, mo gọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo gọ̀ púpọ̀. Mo rí i pé bí mo bá ti la ẹnu, tí mo dárúkọ nǹkan mẹ́ta tí onílé ò mọ̀, á máa pè mí ní injiníà. Orúkọ náà ń wọ̀ mí lára. Bàbá àgbẹ̀ kan ní Iresi bi mí pé kí ló dé tí òun ò lè kọ́ ilé òun dé etí títì. Mo ní, "Sẹ́tìbáàkì ni, Bàbá." Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Òfin ni." Bàbá ní, "Ẹ kú iṣẹ́, injiníà." Kí ló ná mi láti sọ fún un pé àyè tí a fi sílẹ̀ láàárín ilé àti títì ni, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí katakata tó ń la títì má baà rí ilé rẹ̀ gé? Lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀, ó fa fàráńdà rẹ̀ jáde dé etí títì. Nígbà tí wọ́n wá la ọ̀nà, katakata kó fàráńdà náà lọ láàárọ̀ kan. Ó sọ fún mi lọ́jà pé, "Tí mo bá mọ̀ ni." Mo fi ẹ̀rín gbé e. Fàráńdà lásán ni, mo ní lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kàmọ́rù dé. Ọmọ Òkè-Ìlá ni, ó ti tó ọmọ ogún ọdún kó tó wá kọ́ṣẹ́, bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ. Nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dára tó tirẹ̀. Ó lè dúró lókèèrè kó sọ pé ògiri ti yẹ̀, ká fi okùn wọ̀n ọ́n, kó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú nípa rẹ̀: ìbéèrè rẹ̀ pọ̀. "Ọ̀gá, kí ni ìlà méjì yìí?" "Ọ̀gá, kí ló dé tí wọ́n fi àmì sí èyí?" Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Bó bá yí wá sí iwájú mi, èmi náà á tún yí. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́.

Ọdún kẹrin tó wà lọ́dọ̀ mi la kọ́ ilé Màmá Tíṣà nílùú Ìlá níbí. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá náà, opó ni, díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ ilé alájà kan rẹ̀. Ó ti ní kí ayàwòrán ilé dín pílà kù nítorí owó. Ayàwòrán wá sọ ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti yàrá ìjẹun di agbẹ́rù, bíìmù tó gbé apá ọ̀tún dẹ́kì sì sinmi lé e lórí. Iṣẹ́ tó dára ni, kò sí àbùkù kankan nínú rẹ̀, bí kò bá ti sí ẹni tó fọwọ́ kan ògiri náà.

Ìyá náà máa ń wá wo iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ilé ìwé. Ọjọ́ kan ó gba pílánì lọ́wọ́ mi, ó fi awò sójú.

"Ọ̀gá Sàmú, kí ló dé tí ògiri àárín yìí fi dúdú ju àwọn tó kù lọ?"

Mo ní, "Lóòdù-béárìn ni, mà."

"Ẹ sọ ọ́ lédè tó máa yé mi."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu iṣẹ́ ni, mà. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú."

"Tíṣà ni mí o. Ohun tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń béèrè ẹ̀ ni."

Mo gba pílánì náà, mo ká a. "Ẹ fi sílẹ̀ fún wa, mà. Tiyín ni kí ẹ máa gbé inú ilé yín ní àlàáfíà."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú. Ẹ̀gbẹ́ wa níbẹ̀ ni Kàmọ́rù wà, tó ń nu ṣíbí tó ti nu tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sì mọ ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dókè, ó tò ó gún régé, láì mọ ìdí tó fi nípọn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Gbólóhùn méjì péré ni ìbá jẹ́. Títí mo fi máa kú, màá máa ka gbólóhùn méjì yẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Kàmọ́rù gba fírídọ̀m. Lágbègbè wa, ọjọ́ fírídọ̀m kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Ìyá rẹ̀ se oúnjẹ, àfáà wá, pásítọ̀ mi náà wá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bíríkìlà jókòó yí wa ká. Kàmọ́rù dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Mo gbé ṣíbí, òòlù àti okùn ìwọ̀n lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, àṣà wa nìyẹn. Mo dìde, mo tún agbádá mi ṣe.

Mo ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni mo ti fún Kàmọ́rù. Mi ò fi ẹyọ kan pa mọ́. Bí mo bá fi pa mọ́, kí Ọlọ́run bi mí."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń súre fún mi. Pílánì ilé bíi mẹ́rin wà nínú dúrọ́ọ̀ mi lọ́jọ́ náà tí Kàmọ́rù ò fojú kàn rí. Mo jẹ ìrẹsì àti ẹran, mo gba ọpẹ́, mo lọ sílé.

Ẹ má rò pé ìwà ìkà ni mo fi ń ṣe é. Ìbẹ̀rù ni. Mò ń bẹ̀rù kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ dára jù mí lọ má lọ mọ ìwé náà jù mí lọ. Ta ló máa wá wá mi?

Ayé yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ ń gún búlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ ń po kọ́ńkéré, irin onískúrù gba ipò igi tí a fi ń ti dẹ́kì lábẹ́. Àwọn ọmọ kékeré ń gbé fóònù wá bá mi, ilé odindi ń yí nínú rẹ̀, o lè rìn wọ yàrá, kí o wo àjà. Ohun tí Ọ̀gá Làmídì tilẹ̀kùn kó tó fi hàn mí ti wà lójú fóònù fún ẹni gbogbo. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé àwòrán náà dára lójú, kò sì sọ fún onílé èwo ló gbé èwo. Ẹnu ènìyàn ló ṣì ń sọ ìyẹn. Nígbà tí orókún mi ò gba àkàbà mọ́, mo kó irinṣẹ́ mi sílé.

Màmá Tíṣà náà fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó fẹ́ kí pálọ̀ àti yàrá ìjẹun di ọ̀kan, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó lè rí àyè jókòó yí i ká. Ó ní òun ò fẹ́ da èmi àti orókún mi láàmú. Kàmọ́rù ló ránṣẹ́ sí, nítorí ó rántí pé òun ló mọ ògiri náà.

Kàmọ́rù wá kí mi lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ náà, bó ṣe máa ń wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó sórí àpótí.

Ó ní, "Ọ̀gá, Màmá Tíṣà pè mí síṣẹ́. Pálọ̀ ni wọ́n fẹ́ tún ṣe."

Inú bí mi. Ilé tí mo kọ́! Wọn ò sì lè ránṣẹ́ sí mi, kódà láti kí mi pé a ń ṣe báyìí. Mo ní, "Ó dáa náà. Ìwọ náà ti di ọ̀gá."

Ó ní, "Ọ̀gá, kò sí ọ̀gá níwájú yín o. Mo ní kí n wá gbọ́ tẹnu yín ni."

Mo ní, "Tẹnu mi kí ni? Ṣé ìwọ kọ́ lo mọ ilé náà ni? Máa lọ ṣiṣẹ́ ẹ."

Ó dúró díẹ̀, bóyá màá tún sọ nǹkan. Mo yí ojú mi sí rédíò. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Kí n kàn bi í pé "Kí lẹ fẹ́ ṣe sí pálọ̀ náà?", mi ò lè bi í.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìró náà dún. Mo gbọ́ ọ láti ilé mi, mo rò pé táyà ọkọ̀ ló bẹ́. Ọlọ́kadà kan ló wá gbé mi. Nígbà tí mo débẹ̀, apá ọ̀tún dẹ́kì ti wálẹ̀, eruku ṣì ń lọ sókè. Màmá Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti gbé e jáde sí ìta kí eruku wíwó ògiri má baà fún un ní ikọ́, ìyẹn ni kò fi sí nínú ilé. Ìyá náà kò sunkún, ó kàn ń pe, "Kàmọ́rù. Kàmọ́rù." Àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ lásán kó búlọ́ọ̀kù. Mo rí ibi tí ògiri náà wà tẹ́lẹ̀. Kàmọ́rù ti wó o dé ìdajì láì fi igi kankan ti òkè. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó ti òkè.

Wọ́n rí i láàyè. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orókún.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹgbẹ́ bíríkìlà pe ìpàdé. Ta ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó máa dá ẹjọ́ náà? Èmi ni. Àgbà ni mí, èmi ni mo kọ́ ilé náà, èmi ni mo kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè rò ó pé kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè. Ta ló máa bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa?

Kàmọ́rù dúró lórí igi ìtìlẹ́yìn méjì. Alága ẹgbẹ́ ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé ògiri agbẹ́rù ni?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, mi ò mọ̀."

Ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn pé, "O gba fírídọ̀m, o ò mọ̀! Ṣé ọ̀gá ẹ ò kọ́ ẹ ni?"

Kàmọ́rù wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá mi kọ́ mi. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n."

Màmá Tíṣà, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní, "Ṣebí mo béèrè nípa ògiri yẹn nígbà náà..." Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó wá gbójú sílẹ̀, ó ní, "Ó ti pẹ́. Bóyá mo gbàgbé."

Kò gbàgbé. Mo mọ̀ pé kò gbàgbé. Ó bọ̀wọ̀ fún mi ni, mo sì fi ọ̀wọ̀ náà bora. Ìgbà tó yí kàn mí, mo wú ikọ́, mo ní àìbìkítà ni. Mo ní kí Kàmọ́rù bẹ ìyá náà, kó má sì gba iṣẹ́ ilé alájà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ẹjọ́ náà tọ́. Ọmọ náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, igi ìtìlẹ́yìn yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ṣubú lulẹ̀, orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló sì ti sọ pé, "Ẹ ṣé, Ọ̀gá. Ẹ gbà mí."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè wọ ilé ẹnikẹ́ni kí n má wo ògiri àárín rẹ̀. Bí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ fírídọ̀m ni mò ń gbọ́, kì í ṣe ìwàásù. Mo sọ pé kí Ọlọ́run bi mí. Ó ń bi mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlá. Kàmọ́rù ń ta pépà tí wọ́n fi ń ha igi àti ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ dìde kí mi, mo ní kó jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní mo mọ̀ pé agbẹ́rù ni ògiri náà, mo ní ayàwòrán kùn ún dúdú, mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pa mọ́ fún un. Mo ní lọ́jọ́ tó wá gbọ́ tẹnu mi, ìbínú ni kò jẹ́ kí n bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo sunkún níwájú rẹ̀.

Ó ń fi ọwọ́ to ìṣó sínú ike, gígùn sí gígùn, kúkurú sí kúkurú.

Ó ní, "Ọ̀gá, níwájú ta lẹ ti sọ pé mo jẹ̀bi?"

Mo ní, "Níwájú ẹgbẹ́. Níwájú Màmá Tíṣà."

"Ta ló wà níbí báyìí?"

Mo ní, "Èmi àti ìwọ."

Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé omi tútù wá fún Bàbá, ó sì yí sí oníbàárà tó fẹ́ ra ìṣó.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní kí n kọ̀wé, mo mọ̀ pé kì í ṣe èyí lẹ béèrè. Bí iṣẹ́ bíríkìlà bá wù yín, ẹ kọ́ ọ, iṣẹ́ ọlá ni. Bí ẹ bá sì ń kọ́lé, ẹ tẹ́ pílánì sílẹ̀, kí ẹ ní kí ọ̀gá yín sọ fún yín, ògiri kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà lórí rẹ̀. Bó bá sọ gẹ̀ẹ́sì fún yín tó sì ká ìwé náà, ẹ má jẹ́ kó lọ.

Mo ti bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ bíríkìlà pé kó ka ìwé yìí sókè nípàdé tó ń bọ̀, kí Màmá Tíṣà jókòó níbẹ̀, kí ìyá Kàmọ́rù náà jókòó níbẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kó kà lẹ́ẹ̀mejì nìyí: Kàmọ́rù ò jẹ̀bi. Ó bi mí ní ìbéèrè, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Èmi ọ̀gá rẹ̀ ni mo jẹ̀bi.